Omi Nínú Búùtù: Ibi Tó Dúró Sí Kọ́ Ló Gbà Wọlé

Àpò gàárì ló kọ́kọ́ tú àṣírí búùtù mi. Oṣù kẹfà ni, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, èmi náà sì ti ra gàárì kóńgò mẹ́wàá sẹ́yìn ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí mo fi máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, ìsàlẹ̀ àpò ti di ẹ̀bà tútù. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo ṣí pákó abẹ́ rẹ̀: táyà sípíà ń lúwẹ̀ẹ́. Jáàkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà bí ọkọ́ tí àgbẹ̀ gbàgbé sóko láti èṣí.

Mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe. Mo ra rọ́bà búùtù mìíràn, mo ní kí wọ́n bá mi fi sí i. Òjò kejì rọ̀, omi padà sínú kòtò rẹ̀ bí ẹni tó ti sanwó ilé ọdún méjì.

Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá lóríṣiríṣi. Ẹnìkan ní kí n lu ihò sísàlẹ̀ kí omi máa ṣàn lọ. Ẹlòmíràn ní kí n fi sílíkóònù kun gbogbo ibi tí mo bá ti rí àlàfo. Ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ ń wò mí tàánú-tàánú, ó bi mí bóyá kì í ṣe ọkọ̀ tí àgbàrá gbé lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tà fún mi. Láti oṣù kẹrin tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, ìbéèrè ibi tí omi ń gbà wọ búùtù kì í tán lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa, ìdáhùn tí à ń gbọ́ sì kì í bára mu. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Àwọn nǹkan wo ló yẹ ká dá mọ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀?

Búùtù ni àyè ìkẹ́rùsí tó wà nídìí ọkọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n tẹ àárín rẹ̀ wọlẹ̀ bí abọ́ ìfọṣọ kí táyà sípíà lè jókòó síbẹ̀. Kòtò táyà ni n ó máa pè é. Òun ló rẹlẹ̀ jù, nítorí náà, ibi yòówù kí omi gbà wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń parí sí. Nísàlẹ̀ kòtò yìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìdérí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tàbí méjì tó ṣeé yọ.

Rọ́bà búùtù ni rọ́bà dúdú tó yí ẹnu búùtù po, èyí tí ìdérí máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá tì í. Lóde rọ́bà yìí, ojú ọ̀nà omi kan wà tó dà bíi gọ́tà. Omi ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ṣí búùtù lẹ́yìn òjò tí ẹ rí i pé gọ́tà yìí tutù, ẹ má pariwo, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ìgbà tí omi bá fo rọ́bà kọjá sínú ni ọ̀rọ̀ tó dé.

Ara ọkọ̀ kì í ṣe páànù kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ páànù ni wọ́n jó mọ́ra. Jíjó yẹn kò sì lè dá omi dúró, torí ojú kan, ojú kan ni wọ́n ń jó o, bí ìgbà tí télọ̀ bá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so aṣọ mọ́ra kó tó rán an. Ohun tó ń dá omi dúró ni góòmù líle kan tí wọ́n fi ń bo ojú ibi tí páànù méjì ti pàdé, tó máa ń gbẹ bíi rọ́bà. Bí oòrùn bá ti pa góòmù yìí lọ́dún púpọ̀, á sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ lásìkò ọyẹ́.

Ó ku ihò èémí, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò mọ̀ pé ó wà. Ọkọ̀ ń mí. Tí gbogbo gíláàsì bá wà ní títì, tí ẹ wá gbá ilẹ̀kùn pa, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ní láti rí ibìkan gbà jáde. Torí rẹ̀ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ búùtù, lẹ́yìn bọ́ńpà tí ojú kò tó, wọ́n sì fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ìta nìkan ni rọ́bà yìí ń ṣí sí, kì í ṣí sínú.

Kí ló dé tí omi kì í dúró síbi tó gbà wọlé?

Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ òrùlé páànù tó ń jò rí á ti mọ ìdáhùn. Ihò ìṣó lè wà lókè lọ́hùn-ún, nítòsí ṣóńṣó òrùlé. Omi á wọlé níbẹ̀, á gba ara igi àjà rìn, á wá kán sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì. Káfíńtà tó bá gun ọ̀gangan bẹ́ẹ̀dì lọ lẹ páànù kàn ń jẹ owó onílé ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni búùtù. Omi tó gba ẹ̀gbẹ́ òrùlé ọkọ̀ wọlé lè tẹ̀lé òpó tó wà lẹ́bàá gíláàsì ẹ̀yìn, kó gba ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́, kó rìn lórí ìdì wáyà, kó tó já sí kòtò táyà. Kòtò nìkan lẹ rí. Àwọn àgbà ní ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń ṣomi sí. Iyọ̀ nìyẹn, ti búùtù kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibi tí a gbé ọkọ̀ sí pẹ̀lú máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ọkọ̀ tó gbẹ táútáú nígbà tó wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lè jò bí a bá gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí imú rẹ̀ kọjú sókè, nítorí omi orí rẹ̀ ti wá ń ṣàn sẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín léèrè pé ìgbà wo gan-an ló ń tutù. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ wà lórí ìdúró lójò ni, ẹ máa fura sí òkè àti iná ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá wa ọkọ̀ lójú títì tó tutù nìkan ni, omi tí táyà ń ta sókè ló ń wọlé, ẹ wo ihò èémí àti ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òjò ò tiẹ̀ rọ̀, tí ọkọ̀ yín sì jẹ́ jíìpù tó ní wáípà lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí okùn rọ́bà tó ń gbé omi lọ fún wáípà náà ti já nínú ìdérí. Mo mọ arákùnrin kan tó tú búùtù rẹ̀ palẹ̀ tán kó tó rí i pé kẹ́ẹ̀gì omi tó ń gbé kiri nítorí radiétọ̀ ló ń jò.

Ibo ni omi sábà máa ń gbà?

Rọ́bà búùtù ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ mú, a kò sì lè ní kò ṣẹ̀ rí. Ó lè pẹlẹbẹ nítorí ọjọ́ ogbó, ó lè ya níbi tí à ń wọ́ àpò sìmẹ́ńtì àti iṣu gbà kọjá, ó sì lè ṣí lójú ibi tí etí rẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, etí páànù tí rọ́bà náà wọ̀ sí ló tẹ̀, pàápàá lára ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ọkọ̀ mìíràn gbá nídìí rí. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀, ọmọrí tuntun kò lè dé e pa.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, iná ẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ronú sí i: ihò ńlá ni wọ́n dá sára ọkọ̀ kí iná yẹn tó wọlé. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dì í mú láti inú búùtù, fóòmù fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín iná àti páànù láti dá omi dúró. Púpọ̀ nínú omi tó ń bọ̀ láti orí òrùlé, ẹ̀yìn iná yìí ló ń gbà kọjá. Fóòmù náà ń gbó. Bí ọlọ́kadà bá tún wá gbá iná náà, tí wọ́n lọ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ wá, iná nìkan ló sábà máa ń bá ẹni délé, fóòmù rẹ̀ ti ṣẹ́kù sára ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn á wá fún nọ́ọ̀tì títí ìdí iná tó jẹ́ rọ́bà líle á fi sán, omi á sì tún rí ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀gbẹ́ òrùlé ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ojú ìpàdé páànù gígùn méjì lórí òrùlé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, láti wínsíkírínì títí dé gíláàsì ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ọ̀já rọ́bà dúdú bò ó. Abẹ́ ọ̀já yẹn ni góòmù ti ń sán tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ọkọ̀ tó ti jókòó sóòrùn ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ má fọkàn tán an níbẹ̀.

Ihò èémí náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí panẹbítà bá ti tú bọ́ńpà ẹ̀yìn rí, tí kò dá rọ́bà fẹ́lẹ́ yẹn padà, tàbí tí ewé há a lẹ́nu, omi ojú títì á máa wọlé fàlàlà.

Àwọn yòókù kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: iná bíréèkì kẹta tó wà lókè, ìdí ẹ́ríà tó ń gba rédíò lórí òrùlé, ihò tí wọ́n fi dè spoiler (ìyẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀) mọ́ ìdérí, góòmù gíláàsì ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀ rí. Bí ọkọ̀ bá ní gíláàsì tó ń ṣí lórí òrùlé, ẹ mọ̀ pé gíláàsì yẹn kò dí omi pátápátá, wọn kò sì ṣe é kó dí i. Àwo kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba omi, okùn rọ́bà tín-ínrín mẹ́rin ló sì sábà máa ń gbé omi náà lọ sílẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Tí ìdọ̀tí bá dí èyí tó wà lẹ́yìn, ẹ ti mọ ibi tí omi ń lọ.

Báwo la ṣe ń wá a rí?

Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò. Ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì, pákó, táyà, àti ìbòrí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kílíìpù ló so àwọn ìbòrí yẹn mọ́ ara ọkọ̀, ẹ rọra tú wọn. Èyí tó bá sì kán, ẹ lè rí òmíràn rà ní Ládípọ̀ tàbí Araròmi. Ẹ fi àkísà nu ibẹ̀ gbẹ.

Kí ẹ tó da omi sí i, ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Omi tó ti ń gba ojú kan fún oṣù mélòó kan máa ń fi ipa sílẹ̀: ìlà ìdọ̀tí, tàbí ìpẹtà pupa tó ṣàn wálẹ̀ láti ìdí nọ́ọ̀tì kan, bí omijé lójú ọmọ tí wọ́n ti fi pàúdà kùn. Ẹ̀yin náà lè wá bu pàúdà sí i. Pàúdà ọmọdé lásán, tàbí ṣọ́ọ̀kì tí ẹ lọ̀, ẹ fọ́n ọn sábẹ́ iná méjèèjì, sí ojú ìpàdé páànù àti etí inú rọ́bà. Omi kò lè gbà á kọjá kó má fara hàn.

Lẹ́yìn náà, ẹnìkan á wọnú búùtù. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ń pa yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yá jù nìyẹn. Ẹ dá àga ẹ̀yìn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú búùtù, ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì. Àgbàlagbà ni kó wọlé, kì í ṣe ọmọdé. Bí ọkọ̀ yín bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo inú ìdérí dáadáa: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ tuntun tó ní búùtù ní ohun tí ẹni tó bá há sínú rẹ̀ lè fà kó fi ṣí i. Ọwọ́ kékeré tó ń tàn nínú òkùnkùn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó wà níta á wá mú rọ́bà omi. Omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kó dà, bí òjò wẹ́liwẹ́li. Ẹ má lo ẹ̀rọ alágbára tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, torí ìyẹn lè ti omi gba ibi tí kò ní àrùn kankan, yóò sì purọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa lọ sókè: bọ́ńpà, iná ọ̀tún, iná òsì, etí ìdérí, gíláàsì ẹ̀yìn, kó tó wá kan òrùlé. Tó bá kọ́kọ́ da omi sórí òrùlé, omi á ṣàn kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì ní mọ ẹni tó jalè. Kó lo ìṣẹ́jú márùn-ún níbì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ibi tí sùúrù ti ń tán nìyí.

Èmi ni mo wọ ti wa. Àbúrò mi ló wà níta.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí nǹkan?"

"Kò tíì. Má gbé e sókè o, ibẹ̀ náà ni kó o wà."

Bọ́ńpà, kò sí nǹkan. Iná ọ̀tún, gbẹrẹfu. Ó kan iná òsì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, pàúdà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, bí ìgbà tí inú bá ń bí èèyàn tí kò fẹ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, omi fa ìlà kan, tín-ín-rín, bí èèrà tó ń wá ọ̀nà. Ó dúró lórí etí páànù kan, ó sanra, ó já. Ẹ̀yìn ibi tí kápẹ́ẹ̀tì máa ń bò ló gbà lọ, ó sì di inú kòtò táyà. Mo pariwo kí àbúrò mi dúró. Ó rò pé mo há ni.

Nígbà tí a tú iná náà, ìlàjì fóòmù rẹ̀ ló kù. Ìlàjì kejì, náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì tí ẹnìkan ká jọ ni wọ́n fi dí i. Rọ́bà búùtù tí mo fi owó rà kò mọwọ́mẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí mo sọ nù.

A kò dúró síbẹ̀ o. A fi téèpù lẹ ẹ̀yìn iná yẹn, a ṣì bá omi lọ dé òkè, nítorí olè kì í fìgbà gbogbo dá nìkan wá. Ọkọ̀ lè jò lójú méjì.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí kò gba omi púpọ̀. Fún rọ́bà búùtù, ẹ fi ìwé pélébé kan lé e lórí, ẹ ti ìdérí pa, kí ẹ wá fa ìwé náà. Ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ kó tó jáde. Ẹ ṣe é yí ká. Ibi tó bá ti yọ bọ́rọ́, rọ́bà kò tẹ̀ mọ́ ìdérí níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti fọkanáísà tó ń wá ihò táyà. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti gíláàsì, ẹ tan fáànù ọkọ̀ dé òpin, kó máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, kó má ṣe máa yí ti inú po. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ yí iná ẹ̀yìn, gíláàsì àti ojú páànù ká láti òde. Ibi tó bá ti ń hó, ihò wà níbẹ̀. Ihò èémí á hó, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì wà nínú búùtù lásìkò yìí bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títàn.

Kí la fi ń dí i?

Tó bá jẹ́ rọ́bà búùtù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sọ pé ó ti kú. Iyanrìn tó há sí i lè jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá máa ra òmíràn, ẹ ká a lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Tí kò bá yára padà sí bó ṣe wà, ó ti gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Tó bá jẹ́ etí páànù ló tẹ̀, iṣẹ́ panẹbítà ni.

Tó bá jẹ́ iná ẹ̀yìn, ẹ tú u, ẹ ha fóòmù àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ fi fóòmù tuntun sí i. Tí kò bá sí, góòmù dúdú kan wà tí wọ́n ń ká bíi téèpù, butyl ni wọ́n ń pè é. Ó rọ̀ bí ẹ̀bà, kì í sì í gbẹ di líle, nítorí náà ó ṣeé tú lọ́jọ́ mìíràn. Òun ni mo lò. Ẹ fi ọwọ́ dè nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀kan dé èkejì, kí ẹ má fún ọ̀kan tán kí ẹ tó kan òmíràn.

Ojú ìpàdé páànù gba sùúrù. Wọ́n á ṣí ọ̀já orí rẹ̀, wọ́n á ha góòmù tó ti sán, wọ́n á fi sáńpépà ha ìpẹtà tó bá wà, wọ́n á kun ọ̀dà àkọ́kùn, kí wọ́n tó fi góòmù ojú páànù tuntun dí i. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí, torí wọ́n á fi fílà dí i. Fílà dára láti fi tẹ́ ojú páànù, ṣùgbọ́n ó máa ń le bí òkúta, ara ọkọ̀ sì ń mì lójú títì. Kò ní pẹ́ tó fi máa sán.

Sílíkóònù tí àwọn onítáìlì ń lò ní bálùwẹ̀ ńkọ́? Èyí tó ń rùn kíkan bíi fínígà nígbà tó bá ń gbẹ, ásíìdì ló ń tú jáde, ásíìdì yẹn sì ń jẹ irin. Ọ̀dà kì í tún lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ẹni tó bá ti kùn ún sára ọkọ̀ ti dá iṣẹ́ ìháyọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má fi ohunkóhun dí ihò èémí pa. Rọ́bà fẹ́lẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá fi rọ́pò. Àwọn tó dí i pa ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn ń ṣòro tì, tí gíláàsì wọn sì ń ṣú láràárọ̀. Okùn omi ti orí òrùlé, okùn náílọ́ọ̀nù tó rọ̀ ni kí wọ́n fi gún un, kì í ṣe wáyà; afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ alágbára lè fẹ́ ẹ yọ kúrò ní oríkèé rẹ̀.

Ṣé ká kúkú lu ihò sísàlẹ̀?

Rárá. Tí omi bá ti kún, ẹ lè yọ ìdérí rọ́bà kòtò táyà kí ó ṣàn tán, kí ẹ dá a padà. Bí ihò bá wà ní ṣíṣí, omi ojú títì àti eruku á máa gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó tún burú jù ni èéfín. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fa èéfín sálẹ́ńsà mọ́ra, ihò nídìí búùtù sì lè fà á wọlé. Májèlé tó wà nínú rẹ̀, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Rọ́bà búùtù tó ya náà lè ṣe irú rẹ̀. Ihò tí ẹ bá sì fi dírílì lù, etí rẹ̀ ti bọ́ ọ̀dà sílẹ̀. Ìpẹtà á ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àbí ọkọ̀ tí àgbàrá gbé ni?

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ti òmùgọ̀. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Houston lọ́dún 2017, ọkọ̀ tó rì sómi kò lóǹkà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń rìn jìnnà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n omi òjò tó ń jò kì í gun òkè. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lára ibi tí kì í sábà jáde. Ẹ wo bóòtù ìdí àga àti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹrẹ̀ àti ìpẹtà bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti búùtù. Tó bá jẹ́ kòtò táyà nìkan ló tutù, òjò lásán ni.

Ṣé kò ṣeé fi sílẹ̀?

Bí òjò bá lọ, ó máa ń dà bíi pé àrùn náà lọ. Àmọ́ fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ń mu omi bí kànìnkànìn, yóò sì máa tú ọ̀rinrin sínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Òun ló ń fa òórùn ìbọ̀sẹ̀ tútù, àti gíláàsì tó ń ṣú láti inú. Wáyà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ BMW àti àwọn Mercedes kan ló ní bátìrì ní búùtù. Toyota Prius ọdún 2004 sí 2009 náà gbé bátìrì kékeré rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níbẹ̀. Rìwáyà lè fi oṣù mẹ́ta wá ohun tó ń pa iná ọkọ̀ kan kiri, kó sì jẹ́ omi búùtù.

Tí ẹ bá ti dí i tán, ẹ má yára dá kápẹ́ẹ̀tì padà. Ẹ sá a, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó kọjú sóòrùn, kó gbẹ títí ẹ ó fi fún fóòmù rẹ̀ tí ọwọ́ yín kò ní tutù. Ti èmi gba ọjọ́ mẹ́ta, torí àwọsánmà kò jẹ́ kí oòrùn ráyè. Ẹ ha ìpẹtà ìdí kòtò, ẹ fi ọ̀dà kùn ún, ẹ fi ọ́ìlì sí jáàkì lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ tíṣù gbígbẹ sí ìdí kòtò, ọ̀kan lábẹ́ iná kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láàárín, kí ẹ gbé táyà lé e. Lẹ́yìn òjò ńlá mẹ́ta, ẹ gbé táyà kúrò, kí ẹ fọwọ́ kan wọn níkọ̀ọ̀kan.